Ìlà Ọjọ́rú

Mẹ́sàn-án. Ohun tí ìwé náà sọ nìyẹn, Sájẹ́ntì sì ti kà á tó ìgbà mẹ́wàá láti ẹ̀yìn ọ̀rá tó fi dì í. Òjò mìlímítà mẹ́sàn-án péré ni wọ́n kọ sílẹ̀ lórí òkè, lọ́jọ́ tí dáàmù kún àkúnya tí omi sì gbé obìnrin kan lọ. Òjò mẹ́sàn-án kò tó ohun tí ń lé adìẹ wọlé. Irọ́ ni bàbá tó kọ ọ́ pa: ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó wo òrùlé, ó kọ iye tó bá wù ú. Lójú Sájẹ́ntì, ọ̀rọ̀ ti parí. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yìí gan-an ni wọn yóò gbé bàbá náà lọ sí kóòtù.

Ẹni tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí ni obìnrin tó jókòó kọjú sí i ní àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ kùtù yẹn. Abẹ́rẹ́ ni àwọn ọlọ́pàá ń pè é lẹ́yìn. Kò ga, kò sanra, kì í pariwo, ihò tó bá sì ti wọ̀, òwú ń tẹ̀ lé e ni. Wọ́n ti gbé e wá láti ẹ̀ka ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ nítorí pé ẹ̀mí lọ sí i.

"Rò ó fún mi látìbẹ̀rẹ̀," ó ní. "Má fi ohun tí o gbà gbọ́ kún un o. Ohun tí o rí nìkan."

"Ibùdó ojú ọjọ́ wà lórí òkè, mà, níbi tí odò ti ṣẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bàbá Olójò ló ń wọn òjò ní aago mẹ́sàn-án àràárọ̀, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti wà lẹ́nu ẹ̀. Akọ̀wé kan wà, obìnrin. Ọ̀gá wọn wà, Ọ̀gá Onítáì ni wọ́n ń pè é, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gbé e wá láti olú ilé iṣẹ́. Tí òjò bá ti kọjá àádọ́ta, òfin ni pé kí wọ́n fóònù dáàmù kíá, kí wọ́n lè ṣí ilẹ̀kùn omi díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́rú, kò sẹ́ni tó fóònù. Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán, omi bo dáàmù mọ́lẹ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀ ńkọ́, ẹ ò rí òjò?"

"Ìrì lásán la rí nílùú, mà. Orí òkè ló ti rọ̀, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di ìdájí."

"Obìnrin tó kú ńkọ́?"

Sájẹ́ntì họ imú. "Alágbàfọ̀ ni, odò ìsàlẹ̀ dáàmù ló ti ń fọṣọ. Àbúrò Bàbá Olójò ni, mà. Ọmọ ìyá kan náà."

Abẹ́rẹ́ gbójú sókè. "O wá gbà pé ó kọ irọ́ sílẹ̀, ó sì jókòó, ó ń wo àbúrò ẹ̀ bó ṣe ń lọ sódò?"

"Kò rò ó débẹ̀ ni, mà."

Abẹ́rẹ́ gba ìwé náà tọ̀rá-tọ̀rá, ó gbé e sábẹ́ apá, ó dìde. Ara fu Sájẹ́ntì. Ó mọ̀ pé bí obìnrin yìí bá ti dìde lójijì báyìí, ó ti rí ibì kan tí òwú ti tú.

Nínú àtìmọ́lé, Bàbá Olójò fẹ̀yìn ti ògiri, ó ká orúnkún méjèèjì sókè. Kò tíì jẹun láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí ojú àwọn méjèèjì lè ṣe déédéé, ó kí i, ó sì bá a kẹ́dùn. Sájẹ́ntì rántí pé òun kò kí i ní tòun lọ́jọ́ tí òun mú un.

"Bàbá, òjò mélòó lẹ wọ̀n láàárọ̀ Ọjọ́rú?"

"Méjìlélógóje." Bàbá Olójò kò tilẹ̀ rò ó kó tó dáhùn. "Láti ọdún tí mo ti dé ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti rí irú ẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n, mo kọ ọ́, mo sì sọ ọ́ fún Ọ̀gá kó tó gbé àpò ẹ̀ kúrò léjìká."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fóònù dáàmù fúnra yín?"

"Yàrá Ọ̀gá ni fóònù wà, ọmọ mi. Fóònù àpò ò gba síginà lókè yẹn. Tí mo bá ti sọ fún Ọ̀gá, iṣẹ́ tèmi tán nìyẹn."

Sájẹ́ntì kò lè pa á mọ́ra. "Ọ̀gá yín ní mẹ́sàn-án lẹ sọ fóun! Ìwé tiyín gan-an ní mẹ́sàn-án!"

"Ìwé mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀." Bàbá náà mi orí. Lẹ́yìn náà ni omijé dé, kò sì gbìyànjú láti nù ún. "Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n fẹ́ sin àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n débẹ̀ ná. Tí mo bá ti da yẹ̀pẹ̀ sí i, ẹ gbé mi lọ síbi tó bá wù yín."

Abẹ́rẹ́ kò ṣèlérí. Bí wọ́n ṣe jáde, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí Sájẹ́ntì wa mọ́tò lọ sí dáàmù.

Ẹnjiníà tó ń ṣọ́ dáàmù kò tíì fá irùngbọ̀n láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbé ìwé ìpè síwájú wọn kí wọ́n tó béèrè. Inú ìwé náà ló ń kọ wákàtí gbogbo ẹni tó bá fóònù sí, tó sì ń fọwọ́ sí i. Sájẹ́ntì ń ṣí i lọ, ó sì dúró lójijì.

"Ewé kan ti ya kúrò níbí!" Ó na ìwé náà sókè. "Ọjọ́rú gan-an! Wọ́n fóònù yín, ẹ ò ṣí ilẹ̀kùn, ẹ wá fa ẹ̀rí ya!"

"Èmi ni mo fà á ya lóòótọ́." Ẹnjiníà kò tilẹ̀ gbóhùn sókè. "Orí ẹ̀ ni mo kọ orúkọ àwọn tí à ń wá sí nígbà tí omi ti gba àdúgbò. Ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn panápaná. Ẹ lọ gbà á, ẹ ò ní rí ìpè kankan láti òkè lórí ẹ̀."

"Ìtàn dídùn nìyẹn," ni Sájẹ́ntì wí.

"Ìtàn òótọ́ ni." Abẹ́rẹ́ yọ ìwé kan nínú àpò rẹ̀. "Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ti fún mi ní àkọsílẹ̀ wọn lánàá. Kò sí ìpè kankan láti orí òkè sí dáàmù lọ́jọ́rú títí di aago méjì, nígbà tí nǹkan ti bà jẹ́. Fi í sílẹ̀, Sájẹ́ntì."

Sájẹ́ntì gbé ìwé ìpè náà kalẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Abẹ́rẹ́ yíjú sí Ẹnjiníà. "Ká ní wọ́n pè yín, tó pẹ́ díẹ̀ ńkọ́? Ká ní aago mọ́kànlá ni wọ́n tó rántí?"

"Aago mọ́kànlá? Màmá, ká tilẹ̀ ní aago méjìlá géérégé ni wọ́n pè mí, ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ń ṣí ilẹ̀kùn kékeré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Omi á kún díẹ̀, á fọ bèbè odò, àwọn èèyàn á bínú sí mi. Kò sẹ́ni tó máa kú." Ó fọwọ́ ra ojú. "Àwọn ará orí òkè kàn máa gba ìwé ìkìlọ̀ ni, torí pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pè. Ẹ̀dà ìwé ìpè mi ń lọ sí olú ilé iṣẹ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́, wákàtí tí wọ́n pè sì máa wà níbẹ̀."

"Ìwé ìkìlọ̀," ni Abẹ́rẹ́ tún un sọ, ó sì rọra ti ìwé tẹlifóònù rẹ̀ padà sínú àpò.

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n gun òkè dé ibùdó ojú ọjọ́. Ilé pẹlẹbẹ kan ni, yàrá mẹ́ta, yàrá kan tí Bàbá Olójò ń gbé wà lẹ́yìn rẹ̀. Lórí koríko níwájú ilé ni agolo bàbà kan wà tí wọ́n ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi wáyà yí i ká. Akọ̀wé dúró tì í, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ìwé òjò sí rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Sájẹ́ntì kò fẹ́ràn kọ́kọ́rọ́ yẹn rárá. Ó ti gbọ́ pé obìnrin yìí kọ lẹ́tà lóṣù tó kọjá, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi òun sípò bàbá náà bó bá fẹ̀yìn tì. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ran bàbá náà lọ́wọ́ láti tètè fẹ̀yìn tì ńkọ́?

Bí aago ṣe lu mẹ́sàn-án, Akọ̀wé fa agolo náà yọ, ó da omi inú rẹ̀ sínú ife gíláàsì onílà, ó sì bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú omi. "Mẹ́fà," ó ní. Wọ́n tẹ̀ lé e wọlé. Ó fa ìwé tuntun tó ń lò láti ìgbà tí ọlọ́pàá ti gba èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ó mú pẹ́ńsù, ó kọ mẹ́fà sí iwájú Ọjọ́bọ̀.

"Ẹ dúró ńbẹ̀!" ni Sájẹ́ntì ké. "Ọjọ́ Ẹtì lòní, ìlà àná lẹ kọ ọ́ sí. Ṣé báyìí lẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ ìjọba?"

Akọ̀wé wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa á. "Ẹ̀gbọ́n ọlọ́pàá, òjò tá a bá wọ̀n ní aago mẹ́sàn-án òní, òjò àná ni. Láti aago mẹ́sàn-án àná ló ti ń bọ́ sínú agolo. Ìlà àná là ń kọ ọ́ sí. Ìlà òní á ṣófo títí di àárọ̀ ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwa tá a ń wọn òjò ṣe ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ṣì í kọ kí Bàbá tó là á yé mi."

Abẹ́rẹ́ ti fà sẹ́yìn lọ sí ojú fèrèsé. Ó ké sí Sájẹ́ntì, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń béèrè omi lọ.

"Ìgbà wo lo gba ìwé yìí?"

"Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mà. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi dì í. Ìgbà yẹn náà ni mo mú bàbá yẹn."

"Kí ló wà ní ìlà ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

Sájẹ́ntì wo inú ọ̀rá tí Abẹ́rẹ́ nà sí i. "Òdo, mà."

"Ìlà Ọjọ́rú?"

"Mẹ́sàn-án."

"Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kí wọ́n tó kọ nǹkan sí ìlà Ọjọ́rú. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìwé wà nínú ọ̀rá lọ́dọ̀ rẹ, bàbá wà ní àtìmọ́lé lọ́dọ̀ rẹ. Ta ló wá kọ ọ́?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ń wọ Sájẹ́ntì lára díẹ̀díẹ̀, ó sì tutù. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ òjò òní sí ìlà àná kò lè ṣàdédé gbàgbé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èèyàn mìíràn ló kọ ewé yìí, ẹni tó rò bí gbogbo èèyàn ṣe máa rò, pé òjò òní, ìlà òní.

"Ká ní mo fi ewé yìí han bàbá náà lọ́jọ́rú..." ó bẹ̀rẹ̀.

"Ì bá ti sọ ọ́ fún ẹ kó tó jókòó. Má dá ara rẹ lẹ́bi nìkan. Èmi náà gbé e sábẹ́ apá wọ inú àtìmọ́lé láàárọ̀ yìí, n ò ṣí i."

Sájẹ́ntì ṣíjú wo Akọ̀wé. "Òun ló ní kọ́kọ́rọ́, mà."

"Òun náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Bó bá jẹ́ òun, a ò ní rí àṣìṣe yìí." Abẹ́rẹ́ yíjú sí obìnrin náà. "Àǹtí, lọ́jọ́rú, ta ló gba ìwé yìí lọ́wọ́ yín?"

"Ọ̀gá ni. Aago mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló tó dá a padà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" ni Sájẹ́ntì pariwo.

"Ẹ ò bi mí. Kọ́kọ́rọ́ ọrùn mi nìkan lẹ ń bi mí."

"Ṣùgbọ́n ọ̀gá ni, mà," Sájẹ́ntì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún Abẹ́rẹ́. "Ọ̀gá ibùdó ojú ọjọ́ ni! Báwo ni kò ṣe ní mọ̀?"

Akọ̀wé gbọ́. Ó yínmú. "Láti oṣù mẹ́ta tó ti dé, koríko yẹn ò tíì kan bàtà ẹ̀ rí."

"Lọ gbé bàbá náà wá," ni Abẹ́rẹ́ wí fún Sájẹ́ntì. "Yára o."

Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù nígbà tí Sájẹ́ntì mú Bàbá Olójò wọ yàrá Ọ̀gá Onítáì, ó sì ní kí ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọ̀gá Onítáì wà lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, táì aláró kan fún un lọ́rùn, fóònù dúdú kan wà níwájú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ jókòó pẹ̀sẹ̀ bí àlejò. Akọ̀wé dúró ti ògiri.

"Kí lẹ tún gbé ọkùnrin yìí wá ṣe?" ni Ọ̀gá Onítáì wí. "Mo ti sọ tẹnu mi. Mẹ́sàn-án ló sọ fún mi."

"A mọ̀, sà. Ìwé lásán ló kù tí mo fẹ́ kọ tán kí n tó lọ kóòtù." Abẹ́rẹ́ ti ewé kan síwájú rẹ̀, ó ti kọ orúkọ ọjọ́ méjèèje sí i lẹ́sẹẹsẹ. "Ọwọ́ tèmi ò mọ iṣẹ́ yín. Akọ̀wé wọn òjò ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ yìí, mẹ́fà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ síbi tó yẹ."

Ọ̀gá Onítáì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ọmọdé yọ lẹ́nu. Ó fa pẹ́ńsù, ó kọ mẹ́fà, gàdàgbà, sí iwájú ọjọ́ Ẹtì.

Akọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Olójò, tí kò tíì gbójú sókè láti ìgbà tó ti wọlé, na ọrùn wo ewé náà.

"Ọ̀gá," ó ní jẹ́jẹ́, "ìlà àná ni."

Ọ̀gá Onítáì wo bàbá náà, ó wo Akọ̀wé, ó wo Abẹ́rẹ́. Ó ti ewé náà kúrò níwájú rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ló lè ṣì í kọ."

"Ẹnikẹ́ni kọ́. Ẹni tó kọ ìwé Ọjọ́rú nìkan." Abẹ́rẹ́ ṣí ọ̀rá, ó yọ ìwé náà, fáìlì tí ewé rẹ̀ ṣeé yọ ni, ó ṣí ewé oṣù yìí kọjá. Ewé oṣù tó ń bọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ó funfun, kò sí nǹkan lára rẹ̀. Ó gbé e dagun sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "Sájẹ́ntì, kí lo rí?"

Sájẹ́ntì súnmọ́ ọn. Pẹ́ńsù tó le ti tẹ ojú ìwé náà wọlé láti orí ewé tó wà lókè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fi ìka tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, méjìlélógóje." Ó gbé ìtọ́ mì. "Ọjọ́rú, kò sí nǹkan níbẹ̀, mà."

"Bàbá máa ń tẹ pẹ́ńsù gan-an. Ẹ̀yin yọ ewé tiẹ̀, ẹ lọ da nọ́ńbà oṣù yìí kọ sórí tiyín lórí tábìlì yìí, ẹ wá fi há ibẹ̀. Ẹ ò rántí pé ewé ìsàlẹ̀ ti gbọ́ ohun tí tòkè sọ."

Ọ̀gá Onítáì tú táì rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Ó sọ fún mi lóòótọ́. Mo ní n máa fóònù tí mo bá jókòó. Àwọn olú ilé iṣẹ́ pè mí bí mo ṣe jókòó, wọ́n ń bú mi lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, mo wá gbàgbé. Nígbà tí mo rántí, aago mọ́kànlá ti kọjá. Wọ́n ti fún mi níwèé ìkìlọ̀ méjì. Tí mo bá pe dáàmù nígbà yẹn, wákàtí yẹn máa hàn nínú ìwé wọn, ẹ̀kẹta nìyẹn, wọ́n á lé mi lọ. Mo rò pé dáàmù máa gbà á. Mo rò pé bí ìwé bá ti sọ pé òjò kékeré ni, kò sẹ́ni tó máa bi mí ní nǹkan kan. Mo rí i pé ìlà Ìṣẹ́gun ló kọ ọ́ sí, ìlà Ọjọ́rú sì ṣófo, mo ní bàbá yìí ló ṣì í kọ, mo wá kọ òdo sí Ìṣẹ́gun, mo kọ mẹ́sàn-án sí Ọjọ́rú."

"Ìgbà tí ẹ ń kọ ọ́, níbo ni fóònù wà?" ni Abẹ́rẹ́ béèrè.

Ọ̀gá Onítáì tọ́ka sí i. Kò jìnnà sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Inú bí Sájẹ́ntì débi pé ó fẹ́ ṣubú lu ọkùnrin náà. Aago kan ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kọ ọ́ tán. Aago kan ààbọ̀ ni omi dé. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó tíì kú nígbà tó ń parọ́ náà, gbogbo ènìyàn ló ṣì wà láàyè, ìpè kan ṣoṣo ló kù. Ó tún rántí pé òun ni òun gba ọkùnrin yìí gbọ́ nítorí pé ó wọ táì, ìtìjú sì bò ó.

Abẹ́rẹ́ dìde. "Bàbá, kóòtù ò kàn yín mọ́. Ẹ máa lọ sin àbúrò yín. Sájẹ́ntì máa fi mọ́tò gbé yín débẹ̀."

Bàbá Olójò kò lọ. Ó dìde, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tábìlì ló rìn sí, ó dúró, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé tó wà lẹ́yìn Ọ̀gá rẹ̀.

"Bí aago méjìlá ṣe lù lọ́jọ́rú ni àbúrò mi gba ibí yìí kọjá," ó ní. "Ó ń bọ̀ wá kó aṣọ iṣẹ́ mi tó fẹ́ fọ̀. Ṣó kí yín?"

Ọ̀gá Onítáì wolẹ̀. "Ó kí mi."

"Ẹ dá a lóhùn?"

"Mo ní ó ṣeun."

"Ó sọ fún mi. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gá yín tuntun yìí mà ń ṣiṣẹ́ o. Ó ń kọ̀wé, kò tilẹ̀ gbójú sókè wò mí.' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ wa gba kéèyàn farabalẹ̀. Inú ẹ̀ dùn pé mo ní ọ̀gá gidi. Ó wá gbé aṣọ mi, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò."